Ẹ̀rọ ìdìbò tí kì í tẹ ìwé: kí ni kí n sọ fún ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ Sátidé?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìbò gómìnà àti ti ààrẹ lẹ sábà máa ń jiyàn lé lórí níbí. Tèmi kò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mi ò ti sùn dáadáa nítorí rẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa 214 lorúkọ wa wà nínú ìwé: aláta, oníkajú, onígàrí, aránṣọ, àti tíṣà mẹ́ta tó ti fẹ̀yìn tì. Aṣọ òfì ni èmi ń tà. Owó tó wà lápò ẹgbẹ́ kì í ṣe kékeré, ìdí nìyẹn tí ipò akápò fi máa ń gbóná ju ti alága lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan bá wa ṣe ètò ìdìbò sórí fóònù. Fóònù mẹ́ta la tẹ́ sórí tábìlì, kí oníkálukú wá tẹ àwòrán ẹni tó wù ú. Èmi jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé ìwọlé mi. Ẹni tó mọ̀wé buwọ́ lù ú, ẹni tí kò mọ̀wé tẹ̀ka. Nígbà tí gbogbo wa ṣe tán, mo ka ìwé mi, mo tún un kà: èèyàn 187. Ọmọkùnrin náà wo fóònù rẹ̀, ó kéde ìbò 203.

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Mo ní báwo ni èèyàn 187 ṣe dìbò 203? Ó ní ohun tó wà nínú ẹ̀rọ lòun kà fún wa yẹn. Mo ní kó ṣí i ká wò ó. Ó tún tẹ̀ ẹ́, 203. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, 203. N ò pè é lólè o. Òógùn ń já bọ́ lójú ọmọ náà, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí 16 ti wá.

Ẹni tó wọlé sípò akápò fi ìbò 9 ju ẹnìkejì lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìbò 16 ló wà nílẹ̀ tí kò ní ẹni tó dì í, ìbò 9 ló wà láàárín àwọn méjèèjì. A ò lè sọ pé ó wọlé, a ò sì lè sọ pé kò wọlé. Ká ní ìwé la fi dì í ni, à bá da àpótí sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, à bá mọ èyí tó lé. Fóònù ò ní nǹkan kan tí a lè dà sílẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Obìnrin méjì kan jọ ń gbé agbo ilé kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìyàwó wọbẹ̀. Ọ̀kan ló du ipò yẹn tó pàdánù, ẹnìkejì ló ń tẹ̀lé ẹni tó wọlé kiri. Títí di òní wọn ò kí ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó pàdánù sọ fún mi pé, "Akọ̀wé, ẹ sáà kà á fún mi. Bí ẹ bá kà á lójú mi, tí tèmi ò tó, màá lọ ilé mi, màá sì sùn." Kí ni mo fẹ́ kà fún un?

Ní báyìí, ìgbìmọ̀ wa fẹ́ háyà tablet lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan fún ìbò tọdún yìí. Ọ̀gbẹ́ni tó wá polówó rẹ̀ ní tiwọn kì í ṣe fóònù yẹpẹrẹ bíi ti èṣí. Mo bi í bóyá ó ń tẹ ìwé. Ó ní èyí tó ń tẹ ìwé wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ìwé máa ń há sí i lẹ́nu, àti pé gbogbo ayé ti kúrò nídìí ìwé. Alága wa mi orí. Mo ní kí wọ́n fún mi di Sátidé.

Ṣé òótọ́ ni pé gbogbo ayé ti kúrò nídìí ìwé? Bí ẹ̀rọ bá sì tẹ ìwé, ọwọ́ ta ni ìwé ọ̀hún yẹ kó wà, ọwọ́ ẹni tó dìbò ni àbí ọwọ́ ẹgbẹ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ fún oníṣòwò.

Alájọ Òjòkòdá

Ìyá wa, ẹ kú wàhálà. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń gba àjọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, mo sì lè sọ fún yín pé ẹni tó bá ní ayé ti kúrò nídìí ìwé kò tíì bá mi jí lọ sọ́jà láàárọ̀.

Ìwé méjì ni àjọ. Ìwé ńlá wà lọ́wọ́ mi, káàdì wà lọ́wọ́ oníbàárà. Bí mo bá ṣe sàmì sí tèmi, lójú ẹsẹ̀ náà ni mo ṣe ń sàmì sí tirẹ̀, òun náà ń wò mí. Lọ́dún kan òjò ká mi mọ́ orí ọ̀kadà, ìwé ńlá mi di ẹ̀kọ. Káàdì ọwọ́ àwọn èèyàn ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ní 31 lòun dá lóṣù yẹn, èmi rò pé 28 ni. Ó na káàdì sí mi, mo kà á, mo sanwó rẹ̀ pé. Kò sí ariwo.

Nítorí náà, tèmi ni pé kí ẹ̀rọ tẹ ìwé, kí oníkálukú sì mú tirẹ̀ lọ sílé. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn, kí gbogbo yín kó o jáde.

Ọmọ Sábó

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà, èmi ò fara mọ́ ìwé rárá. Kí ni wọ́n fi ń jí ìbò nílẹ̀ yìí bí kò bá ṣe ìwé? Ìwé ni wọ́n ń kó sínú yàrá tí ẹnìkan ń tẹ̀ka sí láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Àpótí ìwé ni àwọn jàǹdùkú ń gbé sá. Mo wà ní kékeré nígbà tí wọ́n gbé ọ̀kan gba iwájú ilé wa, ìyá mi fi ara bò mí mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Brazil ti ń fi ẹ̀rọ dìbò láti 1996, ẹ̀rọ yẹn kì í tẹ ìwé fún òǹdìbò, orílẹ̀-èdè tó tóbi tó yẹn sì ń mọ ẹni tó wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní August 2021 àwọn kan gbé àbá wá sílé aṣòfin wọn pé kí ẹ̀rọ máa tẹ ìwé. Ẹni 229 fọwọ́ sí i, 308 ni wọ́n nílò, àbá náà kú síbẹ̀. Nílé wa níbí, Kàdúná fi ẹ̀rọ dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní May 2018. Ètò tí ọmọkùnrin yẹn ṣe fún yín ni kò dára. Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́, ẹ má tún gbé wa padà sídìí àpótí.

Bàbá Tíṣà (Ọ̀yọ́)

Ọmọ Sábó, mo gbọ́ ọ, n ò sì ní fojú kéré ẹ̀rù tó bà ọ́. Èmi náà rí àpótí tí wọ́n gbé sá. Ìṣirò ni mo fi ọdún 33 kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀yọ́ níbí, mo sì ṣe ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ òṣèlú níbi ìdìbò lọ́pọ̀ ìgbà. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà ìbò gómìnà ti 1991, ìlà la tò sẹ́yìn àwòrán olùdíje. Wọ́n ń ka orí wa ní gbangba, ọmọdé tó bá lè ka ení, èjì lè mọ ẹni tó borí kí ọ̀gá tó kéde. Kò sẹ́ni tó lè fi 187 ṣe 203 lójú wa. Ṣùgbọ́n onílé rẹ ń wò ọ́ láti orí ìlà kejì, ẹni tó o jẹ lówó ń wò ọ́. Mo rí àgbàlagbà kan tó kúrò lórí ìlà tó wà, tó lọ tò síbòmíràn nítorí ojú ẹnìkan. Gbangba pọ̀ jù níbẹ̀, àṣírí ò sí. Nínú fóònù tiyín, àṣírí wà, gbangba ni kò sí. Ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni mo rí tó lè da àwọn méjèèjì pọ̀.

Ìwọ ní ìwé ni wọ́n fi ń jí ìbò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kan náà ló máa ń tú wọn fó. Rántí Oǹdó. Wọ́n dìbò gómìnà ní April 2007, wọ́n kéde Agagu. Mimiko gba ilé ẹjọ́ lọ. Ara ohun tí wọ́n kó síwájú adájọ́ ni àyẹ̀wò àwọn ìwé ìdìbò, níbi tí onímọ̀ ti wo àtàǹpàkò tó wà lára wọn, tó sì bá àtàǹpàkò kan náà lára ìwé púpọ̀. Ní February 2009 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Mimiko ló wọlé. Nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn ìbò, ìwé yẹn ṣì ń jẹ́rìí. Ẹni tó tẹ̀ka lóru yẹn rò pé òun ti ṣe é gbé. Tó bá jẹ́ pé inú ẹ̀rọ nìkan ló wà, kí ni onímọ̀ yẹn ìbá wò?

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé BVAS tí INEC ń lò ti jẹ́ ẹ̀rọ ìdìbò, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka àti ojú èèyàn ló ń yẹ̀ wò, ó sì ń ya àwòrán ìwé èsì tí a ń pè ní EC8A. Ìwé la ṣì ń tẹ̀ka sí. Nígbà tí àwòrán èsì ìbò ààrẹ kò gun orí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe yẹ ní February 25, 2023, ẹ̀dà EC8A tó wà nínú àpò mi ni mo fi sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ṣì ní in.

Alájọ, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mọ́ mi, àmọ́ ibì kan wà tí àjọ àti ìbò ti pínyà. Owó rẹ ni o gbà nínú àjọ, kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan bí gbogbo ọjà bá mọ̀ pé 31 ni. Ìbò kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé o ti gbàgbé "dìbò kó o sebẹ̀"? Ìdí tí olówó fi ń fura sí ẹni tó gbowó rẹ̀ ni pé kò lè rí ohun tó tẹ̀. Lọ́jọ́ tí òǹdìbò bá lè mú ìwé tó fi ẹni tó yàn hàn jáde síta, olówó á dúró sẹ́nu géètì, á ní, "Mú ìwé wá kó o gba owó rẹ." Ẹni tó kọ̀ láti tà á gan-an, ọkọ rẹ̀ lè ní kó fi han òun, tàbí ọ̀gá rẹ̀. Nítorí náà, kí òǹdìbò rí ìwé rẹ̀, kó kà á, kó sọ ọ́ sínú àpótí tó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Kó má jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Alájọ Òjòkòdá

Bàbá, ẹ ṣeun. N ò ronú débẹ̀. Mo mú ti gbígbé e lọ sílé kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un: bí ìwé tí wọ́n fẹ́ lò bá jẹ́ irú ti POS, kí ìyá wa kíyè sí i. Rìsíìtì POS tí mo tọ́jú sínú àpamọ́wọ́ ti ṣá kí oṣù mẹ́ta tó pé, funfun báláú. Oòrùn ni tàbí òógùn, n ò mọ̀.

Ọmọ LAUTECH (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìdí ẹ̀ ni mo ti ń jẹun títí di òní. Ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ Sábó ní kí wọ́n wá ẹni tó mọ iṣẹ́. Èmi náà mọ̀ ọ́n díẹ̀, èmi ni mo sì ń sọ fún yín pé kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mi. Bí mo bá kọ ètò ìdìbò fún yín, tí mo sì bẹ̀rù Ọlọ́run, àṣìṣe ṣì lè wà níbẹ̀ tí èmi gan-an ò rí.

Ní May 18, 2003, wọ́n dìbò ní Schaerbeek, ní Brussels, orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m. Olùdíje kan rí ìbò tó ju èyí tó lè rí lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n fura. Nígbà tí wọ́n tún un kà, ìbò 4,096 ni ẹ̀rọ ti fi lé tirẹ̀. Bàbá Tíṣà á mọ nọ́ńbà yẹn: ẹ mú 2, ẹ fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀ títí tí 2 yóò fi pé méjìlá, 4,096 lẹ máa bá. Bí iná kékeré kan ṣoṣo bá ṣèèṣì tàn nínú orí ẹ̀rọ níbi tí kò yẹ kó tàn, irú nọ́ńbà tó máa yọ nìyẹn. Wọn ò rí ẹnikẹ́ni mú. Ohun tó kó wọn yọ ni pé káàdì tí òǹdìbò kọ̀ọ̀kan sọ sínú àpótí ṣì wà nílẹ̀, wọ́n sì tún un gba inú ẹ̀rọ kọjá. Ìyá wa Akọ̀wé, 16 yín ò ní káàdì kankan lẹ́yìn.

Sí ìbéèrè yín, rárá, ayé ò kúrò nídìí ìwé. Jámánì lo ẹ̀rọ tí kò ní ìwé nígbà ìbò 2005. Ní March 3, 2009, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè wọn ní ó lòdì sófin, pé ará ìlú tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ tọpa ìbò àti kíkà rẹ̀. Ìwé ni wọ́n fi ń dìbò títí dòní. Nàmíbíà ló kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ dìbò gbogbogbò ní Áfíríkà, ní 2014. Wọ́n tún lò ó ní 2019. Òfin wọn ní kí ìwé bá ẹ̀rọ náà rìn, wọ́n mú ẹ̀rọ, wọ́n fi ìwé sílẹ̀. Ní February 2020 ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ ní ìwà yẹn kò bófin mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò fagi lé èsì. Ní 2024, ìwé ni wọ́n padà sí. Brazil tí ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ gan-an, lẹ́yìn tí ìbò bá parí, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń tẹ èsì tirẹ̀ sórí ìwé, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdó ìdìbò kí ará àdúgbò lè rí i. Ìwé ìbò ẹni kọ̀ọ̀kan ni kò sí.

Íńdíà ló jọ ohun tí Bàbá Tíṣà wí. Òǹdìbò tẹ bọ́tìnì, ìwé pélébé kan yọ lẹ́yìn gíláàsì, ó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 7, ó gé, ó já sínú àpótí. Wọn ò fọwọ́ kàn án.

Síbẹ̀, bí ìwé bá wà nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni ò kà á, ẹ fi owó ra pàǹtí ni. Íńdíà kì í ka gbogbo rẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́ gègé mú ẹ̀rọ márùn-ún ní ẹkùn ìdìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ọwọ́ ka ìwé wọn, wọ́n á fi wé ti ẹ̀rọ. Ẹ̀yin ìyá tó ń ra ẹ̀wà mọ̀ ọ́n: kì í ṣe òkè àpò lẹ ń wò, ẹ ń ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ni, ẹni tó tà á kò sì mọ ibi tí ọwọ́ yín máa dé. Ní tiyín, èèyàn ò ju 214 lọ. Ẹ ka gbogbo rẹ̀. Wákàtí kan ò ní pé.

Ọmọ Sábó

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ti Oǹdó yẹn wọ̀ mí lára, n ò rò ó rí pé ìwé tí wọ́n fi ṣe ibi ló tún máa jẹ́rìí sí ibi náà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ẹ̀yin ò tíì fura sí. Tí ẹ̀rọ náà bá ń tẹ ìwé tó so pọ̀ bíi ti POS, tí wọn ò gé e, tó kàn ń ká jọ sínú, ìbò àkọ́kọ́ ló máa wà nísàlẹ̀ pátápátá, èkejì á tẹ̀lé e. Ìyá wa sì sọ pé àwọn ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń kọ orúkọ bí èèyàn ṣe ń wọlé. Ẹni tó bá fi ìwé ìwọlé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé inú ẹ̀rọ á mọ ohun tí oníkálukú dì. Ẹni kẹtàdínlógún, ìbò kẹtàdínlógún. Ìyá, ìwé yín tó dára yẹn ló máa tú àṣírí wọn.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọmọ Sábó, mo ka èyí tìrẹ ní ìsọ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, mo rò pé ìwé mi kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n jẹ́ ẹni tó máa tú ìyá oníyàá fó. Màá máa fi ááfábẹ́ẹ̀tì to orúkọ sílẹ̀ ṣáájú, kí oníkálukú wá buwọ́ lù níwájú orúkọ rẹ̀, dípò kí n máa kọ wọ́n bí wọ́n ṣe ń dé. Ìwé náà sì gbọ́dọ̀ gé, kó já sínú àpótí, ká gbọn àpótí kí a tó ṣí i.

Ẹ ṣé gidi. Màá padà wá jábọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Sátidé ti kọjá, mo wá jábọ̀ bí mo ṣe ṣèlérí.

Mo kọ́kọ́ sọ ti 4,096 yẹn fún wọn. Mi ò dárúkọ ọmọkùnrin èṣí, kò yẹ ní pípè lójú agbo. Alága bi mí pé ṣé mo fẹ́ ká padà sí ayé àtijọ́ ni. Mo ní Jámánì tó ń ṣe mọ́tò ló ń fi ìwé dìbò, bóyá àwọn náà wà láyé àtijọ́. Àwọn tíṣà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tì mí lẹ́yìn. Kò gba àkókò púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fọwọ́ sí i pé ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé la máa háyà, ìwé kò ní jáde ní gbọ̀ngàn, a sì máa ka gbogbo rẹ̀ pátá. Ìwé la máa gbà bí òun àti ẹ̀rọ bá tako ara wọn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n jiyàn lé lórí jù. Ọ̀gbẹ́ni tó ni ẹ̀rọ ní ẹ̀rọ ló yẹ ká gbà. Ìyá oníkajú kan dìde, ó ní, "Àwa la rí ìwé. Ìwọ rí inú ẹ̀rọ bí?" Ó jókòó.

Ọ̀gbẹ́ni náà gbé èyí tó ń tẹ ìwé wá, ó ní ká dán an wò. A fi isu, máńgòrò àti ata ṣe olùdíje, kó má baà di pé à ń ṣe ìpolongo fún ẹnikẹ́ni. Èèyàn 20 ló dán an wò. Ìwé kò há lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹni kọkànlá ni màmá ẹlẹ́kọ wa, wọ́n ti lé ní 70 ọdún. Wọ́n tẹ máńgòrò lórí tablet, àwòrán rẹ̀ hàn gbangba. Ìwé yọ. Wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Wọ́n wá bi mí pé, "Akọ̀wé, èwo ni máńgòrò níbí?"

Mo gba ìwé náà. Orúkọ àti nọ́ńbà ló wà níbẹ̀. Kò sí àwòrán kankan.

Àyà mi já. Gbogbo ohun tí mo ti ń pariwo láti ọjọ́ yìí ni pé kí òǹdìbò fi ojú ara rẹ̀ rí ìbò rẹ̀ kó tó já sínú àpótí. Kí ni màmá yìí rí? Bí ẹ̀rọ bá tẹ isu fún wọn, wọ́n á sọ ọ́ sínú àpótí, wọ́n á sì kí wa pé ẹ kú iṣẹ́. Mo lọ mú ìwé ìwọlé èṣí wá lójú ẹsẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó tẹ̀ka níbi tó yẹ kí wọ́n buwọ́ lù. Nínú 187, àwọn 64 ló tẹ̀ka. Èèyàn 64 ni mo fẹ́ fún ní ìwé tí wọn ò lè kà, kí n sì sọ pé mo ti dáàbò bo ìbò wọn. Àti ìwé Íńdíà yẹn o, tíṣà kan wá a lórí fóònù rẹ̀ níbẹ̀, ó fi hàn wá: àmì olùdíje wà lára rẹ̀ gedegbe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ti mọ̀wé kà ti ronú kan èyí ṣáájú wa.

Ọ̀gbẹ́ni náà kò jiyàn. Ó ní ẹ̀rọ náà lè tẹ àwòrán, pé ẹnikẹ́ni kò bi òun rí ni. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ Alájọ fún un nípa ìwé tó ń ṣá. Ó ní òun á mú èyí tó nípọn wá. A ti fẹnu kò pé a máa di àwọn ìwé náà sínú àpò, a máa lẹ̀ ẹ́ pa, yóò sì wà lọ́wọ́ àwọn tíṣà títí ìbò mìíràn yóò fi dé.

Àwọn tí yóò kà á jẹ́ mẹ́rin. Mo bẹ ẹni tó pàdánù lọ́dún tó kọjá pé kó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó gbà. Mo bẹ ẹnìkejì rẹ̀ láti agbo ilé yẹn náà. Kò tíì dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ó bi mí pé aago mélòó ni.

Ọjọ́rú ni ọ̀gbẹ́ni yẹn ń gbé ẹ̀rọ padà bọ̀. Màmá ẹlẹ́kọ ní àwọn náà ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án kí àwọn tó dé, àwọn fẹ́ rí máńgòrò àwọn.